Ẹ Yẹ Abẹ́ Aṣọ Pẹpẹ Wò Kí Ẹ Tó Gbé Òòlù

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì ní párísì ìlú wa, ní Gúúsù Kwárà

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ yìí,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó bá ra àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo lọ́dún yìí á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá lẹ gbà. Àbúrò mi obìnrin ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní Ìlọrin pé wọ́n ti kéde lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú pé iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé pẹpẹ àtijọ́ tó wà mọ́ ògiri ni àwọn bírìkìlà á kọ́kọ́ wó, kí wọ́n lè ráàyè gbé pẹpẹ mábù tuntun wọlé. Inú mi dùn sí òrùlé tuntun, inú mi dùn sí fèrèsé tuntun. Ọ̀rọ̀ pẹpẹ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Kí òòlù tó kan pẹpẹ yẹn, ẹ jẹ́ kí Fàdá fúnra wọn ká aṣọ orí rẹ̀, kí ẹ sì jọ wo òkúta pẹlẹbẹ tó wà láàárín rẹ̀. Egungun ẹni mímọ́ wà nínú òkúta náà.

Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé kì í ṣe ìlú wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì Kwárà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Fàdá òyìnbó kọ́ ti ń gbó, wọ́n sì ń tún wọn kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbìmọ̀ ìlú mìíràn bá ka ìwé yìí, kí wọ́n gbà á bí ẹni pé àwọn ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin àgbà á rántí bàbá mi, Kátíkíìsì. Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá ń pààrọ̀ aṣọ pẹpẹ, èmi ni mo bá wọn di àbẹ́là mú. Aṣọ mẹ́ta ló máa ń wà lórí pẹpẹ láyé ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ká ẹ̀kẹta, mo rí i pé àárín pẹpẹ kò rí bí i yòókù. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọ́n tẹ́ ẹ mọ́ sìmẹ́ńtì débi pé bí a bá fi ọwọ́ rá a kọjá, ọwọ́ kò ní kọ̀. Àgbélébùú kéékèèké márùn-ún ni wọ́n gbẹ́ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n dí pa, bí ẹni dí ihò eyín. Bàbá mú ìka mi, wọ́n gbé e lé ibẹ̀. Wọ́n ní, “Jẹ́jẹ́ o. Ẹni tó kú nítorí Jésù ló wà níbí.” Mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rù ni mo gbé délé. Mo sọ fún ìyá mi pé òkú wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí ìyá mi sí ní Ìlọrin kí wọ́n tó fẹ́ bàbá mi, àwọn ni mo rò pé wọ́n á gbè mí. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ àgbà ńkọ́, ibo ni wọ́n wà?” Mo nawọ́ sí yàrá tí à ń kó iṣu sí, torí ibẹ̀ ni sàréè wọn wà, tí a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìyá mi ní, “Ṣé wọ́n ti lé ẹ jáde rí?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ̀rù òkúta yẹn mọ́, ṣùgbọ́n n kò fojú yẹpẹrẹ wò ó rí.

Ohun tí bàbá mi fi hàn mí kì í ṣe àṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ lábúlé. Òfin Ìjọ ló gbé e síbẹ̀. Kí àtúnṣe ìsìn tó dé lẹ́yìn Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo àgbáyé ṣe ní Róòmù, ìlànà ni pé orí òkúta tí egungun ajẹ́rìíkú wà nínú rẹ̀ ni àlùfáà ti ń rú Ẹbọ Mísà. Bí Fàdá bá ń lọ sí abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé òkúta kékeré irú rẹ̀ sínú àpótí Mísà, tábìlì tí wọ́n bá sì gbé e lé ló di pẹpẹ fún ọjọ́ náà. Àwọn Fàdá SMA, ẹgbẹ́ àlùfáà òyìnbó tó ń wàásù ìhìnrere ní Áfíríkà, ló ṣe iṣẹ́ yìí ní àdúgbò wa. Lábẹ́ ọwọ́ wọn ni agbègbè Ìlọrin fi dá dúró ní ọdún 1960, tó sì di dáyósíìsì ní 1969, tí Bíṣọ́ọ̀bù William Mahony fi jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí àtúnṣe dé, tí àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ìjọ, a gbé tábìlì pákó síwájú, a sì fi pẹpẹ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn mọ̀ ọ́n sí ibi tí à ń gbé ìkòkò òdòdó lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń kánjú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ síbi ìsìnkú kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti tún ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ kọ́, ó sì dára lóòótọ́. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti gbatẹ́gùn, mo rí òkìtì àwókù, mo sì rí ìdajì òkúta kan láàárín rẹ̀ pẹ̀lú àgbélébùú kékeré méjì. Orúnkún mi yẹ̀. Mo fi aṣọ nu ún, mo gbé e lọ bá Fàdá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, wọn ò rí irú rẹ̀ rí àfi nínú ìwé. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n kúnlẹ̀. A ránṣẹ́ pe bírìkìlà. Ọkùnrin náà kò ṣe àfojúdi kankan, ó kàn ní òun fi ìyókù rọ́ ìpìlẹ̀ bàráńdà ni, torí kò sí ẹni tó sọ fún òun pé kì í ṣe òkúta lásán. Bàráńdà náà ti gba táìlì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń to àga sí fún ìpàdé. Ẹni tó gbà kí wọ́n pa òun dípò kó sẹ́ Kristi, abẹ́ àga ìpàdé ló wà títí di òní, n kò sì mọ ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àìmọ̀ ló fà á, òun ni mo sì fi ń kọ̀wé sí yín lónìí.

Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín sọ ní ìpàdé pé Vatican Kejì ti fagi lé ọ̀rọ̀ egungun ẹni mímọ́. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Àpérò náà kọ́kọ́ gbé jáde, èyí tó dá lórí ìsìn mímọ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 111 pé Ìjọ ń bọlá fún àwọn ẹni mímọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ohun ìrántí wọn tó jẹ́ ojúlówó, bí egungun tàbí aṣọ wọn, àti àwòrán wọn. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 náà ní kí a pa àṣà àtijọ́ mọ́, pé kí a máa fi ohun ìrántí àwọn ajẹ́rìíkú tàbí ẹni mímọ́ mìíràn sábẹ́ pẹpẹ tí a kọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n yí padà ni pé kò pọn dandan mọ́. Ohun tí kò pọn dandan mọ́ kò wá di ohun tí à ń dà sórí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n, torí àárín wọn ni mo ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ ECWA máa ń sọ fún mi pé, “Ẹ̀yin Àgùdà, egúngún lẹ̀ ń bọ.” Mo máa ń dá a lóhùn pé ohùn ẹnu rẹ̀ ló ṣì gbé. Egungun la ní, a ò ní egúngún, a ò sì bọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọlọ́run nìkan ni à ń sìn. Ẹni mímọ́, ọ̀wọ̀ là ń fún un, bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹni láìsọ bàbá di Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà la máa ń ṣí Bíbélì, torí òun fẹ́ràn Bíbélì, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mósè gbé egungun Jósẹ́fù dání nígbà tí Ísírẹ́lì ń kúrò ní Íjíbítì. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 13, wọ́n ju òkú ọkùnrin kan sínú ibojì Èlíṣà, bí ó ti kan egungun Èlíṣà ló sọjí, tó dìde dúró. Nínú Ìṣe Àwọn Àpóstélì, orí 19, wọ́n ń mú gèlè àti ìbàǹtẹ́ láti ara Pọ́ọ̀lù lọ bá àwọn aláìsàn, ara wọn sì ń yá. Ọlọ́run ló ṣe gbogbo rẹ̀, Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n egungun àti aṣọ ló gbà ṣe é, kò sì ka ohun tí ìránṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ sí ìdọ̀tí.

Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ náà kò kà á sí ìdọ̀tí. Ní nǹkan bí ọdún 155, wọ́n dáná sun Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Smyrna, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣa egungun rẹ̀ jọ, wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọ mìíràn pé ó ṣe iyebíye lójú àwọn ju òkúta olówó ńlá lọ, pé ibi tó yẹ làwọn tẹ́ ẹ sí, níbi tí àwọn á ti máa pàdé lọ́dọọdún ní ọjọ́ ìrántí ikú rẹ̀. Ní Róòmù, orí ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n sin Pétérù sí ni wọ́n kọ́ bàsílíkà rẹ̀ lé, pẹpẹ ńlá ibẹ̀ sì wà lókè sàréè náà gan-an. Ìwé Ìfihàn pẹ̀lú ní abẹ́ pẹpẹ ni Jòhánù ti rí ọkàn àwọn tí a pa nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí mo bá ka ẹsẹ yẹn, pẹpẹ ìlú wa ni ojú mi máa ń rí.

Àwa Yorùbá gan-an, ta ló yẹ kó kọ́ wa ní èyí? Láyé àtijọ́, bí ọmọ wa bá kú sójú ogun tàbí sí ìdálẹ̀, tí kò ṣeé gbé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wálé, òun ni wọ́n máa ń sin. Kò sẹ́ni tó sọ pé irun lásán ni. Mo rántí àṣà yìí nígbà tí mo ka ìtàn Fàdá Tansi, ọmọ Ìgbò láti Aguleri, tó lọ wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní England, tó sì kú sí Leicester ní ọdún 1964. Wọ́n sin ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, wọ́n hú egungun rẹ̀, wọ́n gbé e wálé sí Onitsha. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 1998 láti kéde rẹ̀ ní Alábùkún, ìgbésẹ̀ tó ṣáájú kí a tó pe ènìyàn ní ẹni mímọ́, ọmọ wa ti wà nílé.

A ò sì jìnnà sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní ọdún 1945 sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. N kò fi ère wé egungun ajẹ́rìíkú o. Mo kàn ń sọ pé ará ilé wa mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú òkúta.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tó wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ló sọ ọ́ fún àbúrò mi: tí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé egungun wà níbẹ̀, ṣé wọn ò ní sọ ọ́ di òògùn? Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Ìlú tí wọ́n ti ń ta omi àdúrà, tí wọ́n ti ń ta òróró, tí wọ́n ti ń ta áńkáṣífù fún ẹni tó ń wáṣẹ́ la wà. Mo ti rí i lórí WhatsApp tí ẹnì kan ń polówó káàdì kékeré tó ní aṣọ ẹni mímọ́ wà lára rẹ̀, tó sì fi iye owó sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé yìí mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 1190, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ta ohun ìrántí mímọ́ rárá. Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́, ti pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 1563, nínú ìwé kan náà tó fi gbèjà ọ̀wọ̀ yìí, pé kí wọ́n gbá ìgbàgbọ́ asán àti èrè ẹ̀tàn kúrò nínú rẹ̀. Ìjà náà kò tíì tán. Ní ọdún 2025, kí Póòpù Leo XIV tó kéde Carlo Acutis ní ẹni mímọ́, ọmọ ọdún 15 tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa ní 2006, ẹnì kan gbé ohun tó pè ní irun rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà. Bíṣọ́ọ̀bù Assisi ní Ítálì, níbi tí wọ́n tẹ́ Carlo sí, fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba létí.

Ṣùgbọ́n fífi pamọ́ kọ́ ló ń pa ìgbàgbọ́ asán. Ohun tí a kò bá ṣàlàyé fún ọmọ, ojú pópó ni yóò ti lọ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí Fàdá sọ ọ́ lórí pẹpẹ ní ọjọ́ Àìkú kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó rọrùn: egungun yìí kò lágbára kankan fúnra rẹ̀, ara ènìyàn ni, ara tó ti jẹ́ tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́, tí Ọlọ́run yóò jí dìde ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó mọ̀ pé ara náà ń bọ̀ wá gba ẹ̀mí padà kò ní fi rọ́ bàráńdà, kò sì ní gé e ta.

Ní ti ohun tí a ó ṣe sí i, n kò fẹ́ kọ́ Fàdá níṣẹ́. Ohun tí mo kà ni mo ń sọ. Ìwé ìlànà ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti pẹpẹ, ti ọdún 1977, sọ pé egungun tí à ń fi sábẹ́ pẹpẹ tuntun gbọ́dọ̀ tóbi débi tí ojú á fi mọ̀ ọ́n ní ẹ̀yà ara ènìyàn, kó sì dájú pé ti ẹni mímọ́ ni. Ó ní ó sàn kí pẹpẹ má ní ohun ìrántí kankan ju kó ní èyí tó ń kọni lóminú lọ. Ìlànà tí Róòmù sì gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ní a kò gbọ́dọ̀ gbé ohun ìrántí síta kí ìjọ bọ̀wọ̀ fún un bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ aláṣẹ Ìjọ. Èyí tó wà nínú òkúta tiwa lè má ju èérún lọ. Nítorí náà ó lè má wọ abẹ́ pẹpẹ mábù yín, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Kékeré rẹ̀ kò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ní ọdún 2019, nígbà tí Póòpù Francis fẹ́ bu ọlá fún Pátíríákì Bartholomew ti Constantinople, aṣáájú àgbà nínú ìjọ Orthodox, èérún egungun mẹ́sàn-án tí wọ́n gbà pé ti Pétérù ni ló fi ránṣẹ́ sí i, nínú àpótí kékeré kan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òkúta náà jáde lódindi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ibi tí wọ́n dí. Ẹ jẹ́ kí a ya fọ́tò rẹ̀, kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọjọ́ tí a gbé e àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sínú ìwé párísì, kí Fàdá sì fi tó ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù létí ní Ìlọrin. Ibi tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ní ká tẹ́ ẹ sí la ó tẹ́ ẹ sí. Títí dìgbà náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú èyí tí à ń kó àṣẹ́kù àbẹ́là sí. Kò ní náwó yín ju wákàtí kan iṣẹ́ bírìkìlà lọ. Bí ó bá jẹ́ owó wákàtí náà ló kù, èmi ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Bí ẹ bá ká aṣọ náà tí kò sí òkúta níbẹ̀, tó jẹ́ pé wọ́n ti gbé e lọ ní àkókò tí n kò sí nílé, ẹ bá mi bi àwọn àgbà ìjọ léèrè kí wọ́n tó gbàgbé. Ẹnì kan lè rántí pé ó wà nínú àpótí kan lábẹ́ àga.

Mò ń bọ̀ wálé ní ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn bírìkìlà tó dé. Màá mú tọ́ọ̀ṣì àti aṣọ funfun tuntun kan dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá tó ń fọ aṣọ pẹpẹ pé kí wọ́n má tíì gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni, ọmọ yín, ọmọ Kátíkíìsì,
láti Ìlọrin.